Ẹ̀bùn Nobel fún Físíìsì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yan Ẹni Tó Gbà Á

Kò sẹ́ni tó lè fa ara rẹ̀ kalẹ̀ fún ẹ̀bùn yìí. Ìgbìmọ̀ Nobel ní Stockholm ló ń kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ pé kí wọ́n dárúkọ ẹni tó yẹ, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n a yẹ iṣẹ́ àwọn tí wọ́n dárúkọ wò fínnífínní, Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ti Súwídìn a sì dìbò lóṣù Kẹwàá. Ènìyàn mẹ́ta péré ló lè jọ gbà á. Àṣírí ìdárúkọ kì í tú títí di ẹ̀yìn ọdún 50.

Ìdárúkọ máa ń fo ẹni gidi nígbà mìíràn. Lọ́dún 1903, àwọn onímọ̀ Faransé mẹ́rin dárúkọ Pierre Curie àti Henri Becquerel, wọ́n yọ Marie Curie, ìyàwó Pierre, sílẹ̀. Gösta Mittag-Leffler, onímọ̀ ìṣirò ará Súwídìn, ta Pierre lólobó. Pierre ní òun àti Marie ló jọ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ dárúkọ òun. Marie sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.