Káàdì ìkíni àfọwọ́ṣe láti inú ìwé àlòkù

Káàdì ìkíni àfọwọ́ṣe láti inú ìwé àlòkù jẹ́ káàdì tí a fi ọwọ́ ṣe láti inú ìwé tí wọ́n ti kọ nǹkan sí tàbí tẹ nǹkan sí tẹ́lẹ̀. A máa ń rẹ ìwé náà sínú omi, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi àwọ̀n sẹ́ ẹ, a ó sì sá a títí yóò fi gbẹ di ewé ìwé tuntun. Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí gígé àwòrán láti ara káàdì àtijọ́ kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, nítorí pé nínú tirẹ̀, ìwé àtijọ́ gbọ́dọ̀ túká kí ó tó di tuntun. Wọ́n máa ń fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ kí ènìyàn fún ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó, Kérésìmesì tàbí Iléyá.

Ìtàn

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohun àlòkù ti wà nínú iṣẹ́ ìwé ṣíṣe. Ìtàn ilẹ̀ Ṣáínà sọ pé ní ọdún 105, òṣìṣẹ́ ààfin kan tí ó ń jẹ́ Cai Lun fi ìlànà ìwé ṣíṣe han ọba, àti pé èèpo igi, àkísà àti àwọ̀n ìpẹja tí ó ti gbó wà lára ohun tí ó lò. Ní Amẹ́ríkà, àkísà ni wọ́n fi ń ṣe ìwé ní ilé iṣẹ́ tí William Rittenhouse dá sílẹ̀ nítòsí Philadelphia ní 1690.

Yíyọ yíǹkì kúrò lára ìwé tí a ti tẹ̀ ni ó ṣòro. Ní 1774, Justus Claproth, amòfin kan ní ìlú Göttingen ní Jámánì, kọ̀wé lórí bí a ṣe lè fọ ìwé títẹ̀ kí ó sì di ìwé tuntun. Ní 1800, Matthias Koops gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìlú yìí kan náà ni Henry Cole ti ní kí ayàwòrán John Callcott Horsley ya káàdì kan fún òun ní 1843, èyí tí a kà sí káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ fún títà.

Ìwé tí ó yẹ

Ìwé ọ́fíìsì àti ìwé àjákọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó dára jù. Ìwé ìròyìn máa ń sọ káàdì di aláwọ̀ eérú, ó sì máa ń pọ́n bí ó bá pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀. Páálí ẹyin dára fún àpòpọ̀.

Kò yẹ kí a lo rìsíìtì tí ẹ̀rọ POS ń tẹ̀, nítorí kẹ́míkà tí ó wà lára rẹ̀ yóò wọ inú omi tí a ń fi ọwọ́ rò. Ife oníwèé tí wọ́n fi ọ̀rá bo inú rẹ̀ kì í túká. A gbọ́dọ̀ yọ gbogbo pín-ìn-nì àti sẹ́lótéèpù kúrò.

Ìwọ̀n

Ewé A4 tí ó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì máa ń wọn nǹkan bí gíráàmù 5. Bí a bá fẹ́ káàdì tí ó lè dá dúró lórí tábìlì, ewé A4 tuntun náà yẹ kí ó wọn nǹkan bí gíráàmù 12.5. Nítorí náà, ewé àlòkù mẹ́ta ni ó tó fún káàdì kan tí a ṣẹ́ po sí méjì, bí a bá ka èyí tí yóò ṣòfò mọ́ ọn.

Ohun èlò

* fírémù onígi méjì tí wọ́n dọ́gba, kí a kan nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé mọ́ ọ̀kan nínú wọn
* bàsíà tí fírémù náà lè wọ̀
* ẹ̀rọ ìlọta tàbí odó, tí a kò ní lò fún oúnjẹ mọ́
* aṣọ òwú, fóòmù àti pákó pẹlẹbẹ méjì

Ìlànà ṣíṣe

# Fa ìwé ya sí wẹ́wẹ́, kí o sì rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú.
# Fi omi púpọ̀ lọ̀ ọ́, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá lọ̀ ọ́ jù, káàdì kì yóò lágbára. Bí kò bá kúnná, yóò ní kókó.
# Da ìwé lílọ̀ náà sínú bàsíà omi kí o sì rò ó. Ó yẹ kí ó ṣàn bí ògì tí a pò sílẹ̀ kí a tó sè é.
# Gbé fírémù tí kò ní nẹ́ẹ̀tì lé èyí tí ó ní in. Ti méjèèjì bọ omi ní ìdàgẹ̀rẹ̀, gbé wọn sókè ní ìdọ́gba, kí o sì mì wọ́n díẹ̀ bí omi ti ń ro.
# Yọ fírémù òkè. Dojú ìwé dé aṣọ tí ó lọ́rinrin, fi fóòmù fa omi láti ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì, kí o sì rọra gbé fírémù kúrò.
# Fi aṣọ mìíràn bò ó, fi í sáàárín pákó méjì, kí o sì gbé ẹrù wúwo lé e fún wákàtí díẹ̀.
# Sá a sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Oòrùn gangan lè mú kí ó ká kò.
# Bí ó bá ti gbẹ, fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ àti rúlà fa ìlà sí àárín rẹ̀ kí o tó ṣẹ́ ẹ po.

Ohun tí ó so ìwé pọ̀

Kì í ṣe gọ́ọ̀mù ni ó so ìwé yìí pọ̀. Fọ́nrán tín-ín-rín láti ara igi ni ìwé. Bí omi ti ń kúrò láàárín àwọn fọ́nrán náà, wọ́n á súnmọ́ ara wọn, ìsopọ̀ háídrójìn yóò sì dì wọ́n mú. Ìdí nìyí tí ìwé tí a kò tẹ̀ dáadáa fi máa ń ṣe fùkẹ̀fùkẹ̀.

Fọ́nrán máa ń kúrú sí i nígbàkígbà tí a bá tún un lò, nítorí náà ìwé kan náà kò lè padà di tuntun títí láé. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan máa ń fi fọ́nrán tuntun kún un, irú bíi ti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti sè. Yíǹkì sì máa ń tàn ká lórí ìwé àfọwọ́ṣe. Sítáàṣì díẹ̀ nínú omi bàsíà máa ń dín èyí kù.

Ọ̀ṣọ́ àti àyíká

Ewé gbígbẹ, òdòdó àti àjákù àdìrẹ tàbí ankara ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun aláwọ̀ yẹ́ríyẹ́rí tí a fi ọ̀rá ṣe tún wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í túká nínú omi. Káàdì tí ó kún fún irú rẹ̀ kì í ṣeé tún lọ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé àlòkù ni a fi ṣe é.

Kò dára kí a da omi bàsíà sínú páìpù, nítorí ìwé lílọ̀ tí ó ṣẹ́kù lè dí i. Ńṣe ni wọ́n máa ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n á fún un gbẹ, tí wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ fún káàdì mìíràn.