Orúkọ Ló Ń Ya Wọ́n Sọ́tọ̀: Ìtàn Bí Ìkànnì Púpọ̀ Ṣe Ń Gbé Inú Ẹ̀rọ Kan

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí FUTA ní Àkúrẹ́, P.M.B. 704 ni yóò kọ sí ara àpò lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó ni, P.M.B. 520 ni. Nọ́ńbà kan ṣoṣo fún odidi ilé-ẹ̀kọ́! Ohun tí ó ń ya lẹ́tà olúkúlùkù sọ́tọ̀ ni orúkọ tí ó wà lókè nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà ń mú lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà, orúkọ ni ó ń mú un dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn ìkànnì orí ayélujára ń lò lónìí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Swítsàlandì, kọ àbá rẹ̀ lórí ohun tí a wá mọ̀ sí Web. Nígbà tí ọdún 1990 fi ń parí lọ, ìkànnì àkọ́kọ́ ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà NeXT kan. Ó lẹ ìwé mọ́ ara ẹ̀rọ náà pé kí ẹnikẹ́ni má pa á, nítorí pé sáfà ni. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí ó ń dúró tọ̀sán-tòru láti dá àwọn tí ó bá wá béèrè nǹkan lóhùn. Nígbà náà, ẹ̀rọ kan, ìkànnì kan ni.

Gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní nọ́ńbà. Bí a bá tẹ orúkọ ìkànnì kan, bíráwúsà yóò kọ́kọ́ wádìí nọ́ńbà tí orúkọ náà ń tọ́ka sí, yóò sì lọ bá ẹ̀rọ tí ó ni nọ́ńbà ọ̀hún. Ibi tí ìṣòro wà nìyí: bí bíráwúsà ayé ìgbà náà bá dé ibẹ̀, ojú-ewé tí ó ń wá nìkan ni ó máa ń dárúkọ, kì í sọ ìkànnì tí ó bá wá. Ó dà bí àlejò tí ó wọ agbo-ilé tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé, tí ó ní, "Ìyá ni mo wá rí." Ìyá ta ni? Kò sí yàrá tí kò ní ìyá níbẹ̀.

Nítorí náà, ìkànnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà kò sì pọ̀ tó: 4,294,967,296 ni gbogbo èyí tí ètò náà lè gbà, gbogbo ayé ni yóò sì pín in.

Àtúnṣe dé ní oṣù kìíní ọdún 1997, nígbà tí wọ́n tẹ òfin HTTP/1.1 jáde. Láti ìgbà náà, dandan ni kí bíráwúsà dárúkọ ìkànnì tí ó ń wá nínú gbogbo ìbéèrè rẹ̀. Bí kò bá dárúkọ, kí sáfà má dá a lóhùn àyàfi láti sọ fún un pé ó ṣàṣìṣe. Ìlà kan péré ni wọ́n fi kún ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń bá ẹ̀rọ sọ, àmọ́ ìlà yẹn ni ó jẹ́ kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì lè máa gbé lórí nọ́ńbà kan.

Ọ̀rọ̀ tún di pọ̀ǹtí nígbà tí ààbò HTTPS gbòde. Inú lẹ́tà tí a ti lẹ̀ pa ni orúkọ wà, sáfà sì gbọ́dọ̀ mọ kọ́kọ́rọ́ ẹni tí yóò lò kí ó tó ṣí i. Ní ọdún 2003 ni wọ́n gbé ètò SNI jáde, èyí tí ó ń kọ orúkọ sí ẹ̀yìn lẹ́tà. Ṣùgbọ́n Internet Explorer orí Windows XP kò gbọ́ èdè náà rárá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lo XP fún ìgbà pípẹ́.

Nílé wa ńkọ́? Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1995 ni wọ́n forúkọ .ng sílẹ̀, ọwọ́ Ìbùkún Odùṣọtẹ́ ní Yaba College of Technology ni ó sì kọ́kọ́ wà. Wọ́n dá NiRA sílẹ̀ ní ọdún 2005, òun ni .ng wà níkàáwọ́ rẹ̀ báyìí. Ní oṣù kejì ọdún 2011, nọ́ńbà tí ó wà nínú àpò gbogbo ayé tán pátápátá, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń pín in ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, bíi AFRINIC fún ilẹ̀ Áfíríkà, wá ń ṣọ́ èyí tí ó kù lọ́wọ́ wọn ná. Bí kì í bá ṣe ìlà 1997 yẹn, báwo ni ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Oǹdó tàbí oníṣòwò kan ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ ṣe fẹ́ ní ìkànnì? Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè dá owó ilé kan jọ san ni apá wọn fi ká a.

Èdè Yorùbá pàápàá jẹ nínú rẹ̀. Àwọn sáfà tí ó ń gbé Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá àti Ígbò náà ni ó ń gbé ti Yorùbá. Lẹ́tà méjì péré, "yo", tí ó ṣáájú orúkọ, ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni àlejò yìí ń wá. A kò ní láti ra ẹ̀rọ tiwa kí èdè wa tó ní ojúde.

Àmọ́ ẹni tí ó bá ti gbé ilé onífesìmífesìyú rí mọ̀ pé bí iná bá sọ ní yàrá kan, èéfín kì í yọ yàrá kejì sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kú, gbogbo ìkànnì inú rẹ̀ ni ó kú. Bí onílé bá sì ní òun fẹ́ lo ilé òun ńkọ́? GeoCities, tí ó gba àìmọye ìkànnì àwọn ènìyàn lálejò láti ọdún 1994, ni Yahoo tì pa ní oṣù kẹwàá ọdún 2009. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún àwa tí a ń kó ìtàn, oríkì àti àlọ́ ìlú wa sórí ayélujára ni pé kí a ra orúkọ tiwa, kí a sì máa san owó rẹ̀ déédéé. Kí a tún máa tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ wa sílé. A lè kó kúrò nínú ilé tí a yá gbé nígbàkigbà. Bí orúkọ bá ti jẹ́ tiwa, ibi yòówù tí a bá kó lọ, àlejò wa yóò máa bá wa níbẹ̀.