Kókó Tó Ń Jẹ Họ́mọ̀nù: Ìtàn Oògùn Kan Láti Glasgow Dé Ojú Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn

Bí wọ́n bá sọ fún obìnrin kan tó ń gbé ní Asese pé jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe é, títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni yóò gbà lọ gba ìtọ́jú. Ó lè yà sí Ṣàgámù, níbi tí ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà. Ó lè lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, ó sì lè kọrí sí UCH ní Ìbàdàn. Wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, yóò gba oògùn kẹmó tó ń mú irun re, wọ́n sì lè fi ìtànṣán sí i. Nígbà tí gbogbo ìyẹn bá parí, tí irun ti ń hù padà, tí wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, dókítà lè wá kọ oògùn kékeré kan fún un pé kó máa lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún 5. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń díjú. Ara ti yá, kí ni oògùn ọdún 5 tún wà fún?

Àwa tí à ń kọ èyí kì í ṣe dókítà o. Èdè Yorùbá là ń kọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ pinnu.

Ní ọdún 1896, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Glasgow, George Beatson, kọ ọ́ sínú The Lancet pé òun yọ ilé ẹyin obìnrin kan tí jẹjẹrẹ ọmú ti bá jà gidigidi, kókó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Ọ̀rọ̀ màlúù wà lára ohun tó mú un ronú bẹ́ẹ̀: ó ti gbọ́ pé ní àwọn ilẹ̀ kan, wọ́n máa ń yọ ilé ẹyin màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí wàrà rẹ̀ má bàa dá. Ó wá rí i pé okùn kan so ilé ẹyin mọ́ ọmú. Ohun tí okùn náà jẹ́ gan-an, kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1905 ni Ernest Starling tó mú ọ̀rọ̀ náà "hormone" wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ kíyè sí i: àwọn náà kò ní orúkọ fún un tẹ́lẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá ti 1984 tí gbogbo wa ń gbé kiri, ọ̀rọ̀ gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ló wà níbẹ̀. A ò rí ohun tí a ó pe nǹkan yìí, la fi ń pè é ní họ́mọ̀nù.)

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Elwood Jensen ní Yunifásítì Chicago fi hàn pé ibì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí họ́mọ̀nù obìnrin, ẹ́sítírójìn, máa ń lọ so mọ́. Àwọn dókítà ń pe ibẹ̀ ní receptor. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọmú ló ní in. Èyí tó bá ní in, họ́mọ̀nù ni oúnjẹ rẹ̀. Èyí tí kò bá ní in, ibòmíràn ló ti ń jẹun.

Oògùn tí a ń sọ, tamoxifen, kò tilẹ̀ wá nítorí jẹjẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá oògùn tí obìnrin lè lò kó má bàa lóyún. Dora Richardson ló pò ó pọ̀ ní 1962, lábẹ́ ètò tí Arthur Walpole ń darí. Ó ṣiṣẹ́ lára eku. Nígbà tó dé ara obìnrin, ńṣe ló ń mú ẹyin jáde! Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ń ran ẹni lọ́wọ́ láti lóyún, ta ni yóò rà á? Wọn ì bá ti jù ú nù. Mary Cole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Christie Hospital, Manchester, dán an wò lára àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti tàn kálẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1971. Ní 1973 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún jẹjẹrẹ ọmú, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní December 1977. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní August 1978, ni Ọbásanjọ́ ṣí títì márosẹ̀ tó gba Asese kọjá. Ẹgbẹ́ ni oògùn náà àti ọ̀nà náà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ ronú dánfó tó ń lọ sí Bẹ́gà láti Mowe. Ẹni tó ti jókòó ti jókòó, ẹni tó bá dé lẹ́yìn kò ríbi jókòó. Tamoxifen ló máa ń jókòó sórí àyè náà nínú sẹ́ẹ̀lì ọmú, tí ẹ́sítírójìn bá dé, kò ríbi bá wọlé.

Ìwádìí tó kó àwọn obìnrin púpọ̀ jọ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, sọ pé fún ẹni tí kókó rẹ̀ ń jẹ họ́mọ̀nù, lílo tamoxifen fún nǹkan bí ọdún 5 máa ń dín ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ọmú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ọdún 15. Fún ẹni tí tirẹ̀ kì í jẹ họ́mọ̀nù, kò ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, kí a tó béèrè bóyá ká lo oògùn yìí tàbí ká má lò ó, ìbéèrè kan wà tó ṣáájú.

Irú èwo wá ni ti àwa? Níbí ni ìtàn ti dé Ìbàdàn. Láti 1960 ni Ìbàdàn ti ní ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kíka iye àwọn tó ní àìsàn kò sọ ohun tí kókó wọn ń jẹ. Ní 2008, Clement Adébámọ̀wọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní UCH tẹ ìwádìí kan jáde lórí kókó 192: nǹkan bí 65 nínú 100 ló ní receptor ẹ́sítírójìn. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, Dezheng Huo, Fúnmi Olópàdé (ọmọ Ìbàdàn yìí náà ni, ibẹ̀ ló ti gboyè dókítà ní 1980) àti àwọn mìíràn tẹ tiwọn jáde láti Chicago, ní yunifásítì Jensen. Obìnrin 507 láti Nàìjíríà àti Senegal ni wọ́n yẹ̀ wò, 24 nínú 100 péré ló ní in.

65 àti 24! Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀? Àwọn obìnrin náà kì í ṣe ọ̀kan náà, ibi tí wọ́n ti wá kò sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni tó bá gbé ní Nàìjíríà yóò tètè yé. Ẹran tí wọ́n bá gé láti ara kókó gbọ́dọ̀ tètè wọ inú formalin. Bó bá pẹ́ nínú ooru, tàbí tí wọn kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa, receptor náà lè bàjẹ́, àyẹ̀wò á sì sọ pé kò sí ohun tó wà níbẹ̀ rí. Nítorí náà, a kì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá sọ pé "oògùn yẹn kì í bá àwọn aláwọ̀ dúdú ṣiṣẹ́." Iye nínú 100 kò lè sọ ohun tó wà lára ẹnì kan. Bébà àyẹ̀wò tirẹ̀ ló lè sọ ọ́, bí wọ́n bá ṣe é dáadáa.

Ìyá ọ̀kan lára wa ní Asese bi wá léèrè lẹ́yìn tí wọ́n parí kẹmó. Wọ́n na bébà inú páálí oògùn sí wa: "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi kà á. Wọ́n ní ó lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Ṣé èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan ni kí n tún fowó ara mi ra òmíràn?" Òótọ́ ni wọ́n kà. Ó lè fà á, pàápàá fún àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́. Ooru tó ń ru bo ojú àti àyà lójijì ló wọ́pọ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń dá oògùn náà dúró láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Fún ẹni tí kókó rẹ̀ ń jẹ họ́mọ̀nù, àǹfààní rẹ̀ ju ewu wọ̀nyí lọ dáadáa. Fún ẹni tí tirẹ̀ kì í jẹ ẹ́, ewu nìkan ló rà.

A tú fáìlì Màmá wò. Ìwé iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀, rìsíìtì kún inú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń kọ "ER" sí, tí pósítíìfù tàbí nẹ́gétíìfù máa ń tẹ̀ lé, kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe tiwọn nìkan: ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà níbi tí àyẹ̀wò náà kò sí tàbí tó ti wọ́n jù ti máa ń kọ tamoxifen bẹ́ẹ̀, nítorí owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti kẹmó. A kò bá wọn wí jù, àìní ló fà á. Síbẹ̀, a kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀yìn káàdì ilé-ìwòsàn Màmá, kí wọ́n kà á fún dókítà bó ṣe wà: "Ṣé kókó tí ẹ yọ lára mi jẹ́ èyí tó ń jẹ họ́mọ̀nù? Ẹran rẹ̀ tí ẹ tọ́jú, ṣé ẹ ṣì lè yẹ̀ ẹ́ wò?" Ẹran tí wọ́n bá ti fi àbẹ́là dì máa ń ṣeé yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù púpọ̀, kódà lẹ́yìn ọdún.

Fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, oògùn mìíràn bíi anastrozole àti letrozole ti wà, tí kì í jókòó sórí àyè ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé ṣíṣe ẹ́sítírójìn gan-an ni wọ́n ń dínà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin tí àìsàn yìí ń mú lọ́dọ̀ wa kò tí ì pé 50 ọdún. Òmíràn kò tí ì bímọ, òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọkọ. Ẹni tó ń lo tamoxifen kò sì gbọ́dọ̀ lóyún, nítorí ó lè ṣe ọlẹ̀ inú léṣe. Sọ ọdún 5 fún ìyàwó ẹni ọdún 35 ní Ibafo tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń wo ikùn rẹ̀, kí ẹ wá wò ó bóyá yóò lo oògùn náà dé ìdajì.

Ní 2023 ni wọ́n tẹ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní POSITIVE jáde. Nǹkan bí obìnrin 500, tí kò sí èyí tó ju ọdún 42 lọ nínú wọn, lo oògùn họ́mọ̀nù fún bí ọdún kan àtààbọ̀ sí méjì àtààbọ̀, wọ́n dá a dúró fún nǹkan bí ọdún 2 kí wọ́n lè lóyún, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn yóò padà sídìí rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn bímọ. Láàárín ọdún 3 tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, jẹjẹrẹ kò padà sára wọn ju bó ti ń padà sára àwọn tí kò dá oògùn dúró lọ. Wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé àwọn obìnrin náà, nítorí irú jẹjẹrẹ tó ń jẹ họ́mọ̀nù lè sùn fún ọdún 10 tàbí 15 kó tó jí.