Orúkọ Àjèjì, Ara Ìbílẹ̀: Síkírù Àyìndé àti Orin Fújì

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé kan pé orin fújì kò ní gbòǹgbò, nítorí pé orúkọ òkè kan ní ilẹ̀ Jàpáànì ni a fi pè é. N kò fara mọ́ èrò yìí. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé tí fújì ti jáde ni ó yẹ kí a wò.

Ọdún 1948 ni a bí Síkírù Àyìndé Balógun, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Barrister. Muṣin ni ó gbé dàgbà. Bí oṣù Ramadan bá wọlé, àwọn ọ̀dọ́ a máa kọrin kiri òru, wọn a máa jí àwọn Mùsùlùmí láti jẹ sààrì. Ajísààrì ni à ń pè wọ́n, wéré sì ni orin wọn. Wọn a tún máa fi í díje. Láti kékeré ni Síkírù ti wà láàárín wọn. Ó ṣe iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970. Lẹ́yìn èyí ni ó gbájú mọ́ orin.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣàlàyé pé àwòrán òkè Fuji tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú ni òun ti mú orúkọ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ju orúkọ lọ. Orin tí ó jẹ́ ti oṣù kan ṣoṣo ni ó sọ di ti ìgbà gbogbo, ti ìgbéyàwó àti ti ìkómọ. Ó bu sákárà àti àpàlà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìlù àti ohùn ni ó fi ṣe olú.

Àwọn ọmọ Mẹ́síkò tí ń gbé Texas gba àkọ́díọ̀nù lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, irú èyí tí I. K. Dairo fi kọ jùjú. Ta ni yóò sọ pé orin Tejano kì í ṣe tiwọn?

Barrister kú ní London ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 2010. Àwọn àwo rẹ̀ wà, bí Ìwà àti Fuji Garbage. Wàsíù Àyìndé tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ajísààrì ni kò ṣe àwo rí. Bí a bá fi àwo nìkan kọ ìtàn fújì, a ó sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nù, ẹnu àwọn ẹlẹ́gàn yóò sì di òtítọ́. Àwọn àgbà tí ó kọ wéré ní Muṣin nígbà náà ni ó yẹ kí a tètè lọ bi léèrè.