Bàtà Eré Sísá àti Ilẹ̀ tí Ẹsẹ̀ Ń Tẹ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo fẹ́ fi kún un pé bàtà kan kò tó gbogbo ọ̀nà rìn. Ìtàn ni n ó fi gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1960, Abebe Bikila, ọmọ Etiópíà, sá eré máratọ́ọ̀nù ti Òlíḿpíìkì ní ìlú Róòmù láìwọ bàtà. Bàtà tí ó rí níbẹ̀ kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ó sì ti fi ẹsẹ̀ lásán dánra wò tẹ́lẹ̀. Ó gba ipò kìíní ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15. Àwọn kan tìtorí èyí sọ pé bàtà kò wúlò. Wọ́n gbàgbé pé ní Tokyo, lọ́dún 1964, ọkùnrin yìí kan náà wọ bàtà, ó tún gbégbá orókè, ó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 yá ju ti Róòmù lọ. Ohun tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu ni ó ń wá.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nìkan kọ́. Ilẹ̀ náà ní ohun tí ó ń béèrè. Bill Bowerman, olùkọ́ eré sísá ní Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà, ń wá bàtà tí yóò di ilẹ̀ mú láìlo ìṣó irin. Ní ọdún 1971, ó da rọ́bà olómi sínú irin tí wọ́n fi ń ṣe wáfù, oúnjẹ àárọ̀ tí ojú rẹ̀ ní ihò-ihò bí afárá oyin. Irin náà bàjẹ́, ṣùgbọ́n èrò náà kò bàjẹ́: nínú rẹ̀ ni bàtà Nike tí ó ní eyín lábẹ́ ti jáde.

Èmi tí mo mọ ìtàn wọ̀nyí kò tètè fi wọ́n kọ́gbọ́n. Mo fi bàtà tí abẹ́ rẹ̀ ti jẹ sáré lórí ilẹ̀ pupa lẹ́yìn òjò. Mo yọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì rọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń tiro wọ kíláàsì.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹrẹ̀ ni ẹ óò máa tẹ̀, ẹ yan bàtà tí eyín abẹ́ rẹ̀ gùn, tí ó sì jìnnà síra, kí ẹrẹ̀ má baà dí i. Bí òkúta ni, ẹ yan èyí tí abẹ́ rẹ̀ nípọn. Ẹ ra bàtà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ààyè sì wà níwájú ọmọ ìka. Bàtà nìkan kò lè gbani lọ́wọ́ ìpalára. Eré àsáwúre pẹ̀lú ń pa ẹsẹ̀ lára. Síbẹ̀, kí ẹ tó bi ọlọ́jà léèrè, ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.