Àgọ́ Ọ̀fẹ́ Nínú Igbó Ìjọba Amẹ́ríkà

Nínú igbó ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ló lè pàgọ́ síbi tó bá wù ú láìsan kọ́bọ̀, àfi níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ó léèwọ̀. Kò sí omi ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí ṣáláńgá, kò sí tábìlì, kò sì sí ẹni tí yóò bá èèyàn kó ìdọ̀tí rẹ̀. Ohun tí aláàgọ́ bá gbé wá ni yóò lò, òun náà ni yóò sì gbé e lọ. Irú igbó bẹ́ẹ̀ jẹ́ 154. Ilẹ̀ wọn, pẹ̀lú àwọn pápá oko tó wà lábẹ́ Iléeṣẹ́ Igbó tó ń bójú tó wọn, tó mílíọ̀nù 193 éékà, èyí tó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin kan ló fún ará ìlú ní àǹfààní yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń pàgọ́ nínú igbó náà kí òfin tó débẹ̀, òfin tó sì ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà ń bù nínú òmìnira wọn ni. Èyí tí òfin kò tíì mú ló ṣẹ́ kù lónìí.

Àwọn tó kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀ kò bá ti afẹ́ wá. Lórí àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Colorado, àwọn ẹ̀yà Ute máa ń ṣí kiri bí àsìkò bá ṣe ń yí: wọ́n á gun òkè lọ dẹ ìgbẹ́ nígbà ooru, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì bí yìnyín bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1879, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti Nathan Meeker, aṣojú ìjọba tó fẹ́ fi túláàsì sọ wọ́n di àgbẹ̀. Wọ́n pa á. Ní 1881, ìjọba kó àwọn Ute ti White River kúrò níbẹ̀ lọ sí Utah. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹwàá 1891, Ààrẹ Benjamin Harrison kéde òkè White River ní igbó ìpamọ́ ìjọba, lábẹ́ òfin tí àwọn aṣòfin ṣe ní oṣù kẹta ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni orísun odò Gila ní New Mexico ṣe jẹ́ ilẹ̀ àwọn Apache kó tó di igbó ìjọba. Ẹni tó bá ń pe igbó wọ̀nyí ní ilẹ̀ gbogbo èèyàn, kó rántí pé wọ́n ní onílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n lé onílẹ̀ lọ, iṣẹ́ ló ń gbé èèyàn sùn nínú igbó. Awakùsà wà níbẹ̀, agégẹdú wà níbẹ̀, ọdẹ àti darandaran náà ò gbẹ́yìn. Àwọn darandaran Basque, tí ìran wọn ti ààlà Spéènì àti Faransé wá, a máa da àgùntàn gun òkè nígbà ooru, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ kọ orúkọ àti ọdún sára igi aspen tí èèpo rẹ̀ funfun. Púpọ̀ nínú àkọlé wọn ṣì ṣeé kà títí dòní. Nígbà tí igbó bọ́ sọ́wọ́ Iléeṣẹ́ Igbó lábẹ́ Gifford Pinchot ní 1905, ọ̀rọ̀ gẹdú, koríko ẹran àti omi ló gba àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kàn. Wọn kò ka aláàgọ́ sí, àfi iná tó ń dá. Iná yìí sì di ọ̀rọ̀ ńlá ní oṣù kẹjọ 1910, nígbà tí ìjì kó ọ̀pọ̀ iná kéékèèké pọ̀ ní Idaho àti Montana. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta éékà jó láàárín ọjọ́ méjì, èèyàn tó lé ní ọgọ́rin kú, àwọn panápaná ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ká sòótọ́, ọkọ̀ ojú irin àti mànàmáná jẹ̀bi níbẹ̀ ju aláàgọ́ lọ. Síbẹ̀, láti ìgbà náà ni olùṣọ́ igbó kò ti fojú rere wo ẹyin iná tí ẹnikẹ́ni bá fi sílẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń pàgọ́ nígbà náà yóò ya aláàgọ́ òde òní lẹ́nu. George Washington Sears kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1884, Horace Kephart náà kọ tirẹ̀ ní 1906, àwọn olólùfẹ́ igbó sì fi ìwé méjèèjì ṣe atọ́nà. Ẹ̀kọ́ ìgbà náà ni pé kí èèyàn mú àáké dání, kó gé ẹ̀ka igi tútù tẹ́ sùn, kó sì gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ọ̀pá àgọ́. Wọ́n á wa kòtò yí àgọ́ ká kí àgbàrá má baà wọlé, wọ́n á sì ri agolo òfìfo mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí ṣe dáadáa ni ọ̀gá. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀, ojú ọgbẹ́ igbó ń rí àyè jinná.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló da ọ̀ràn rú. Model T, tí Ford gbé jáde ní 1908, jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí kò lówó púpọ̀ lè kó ìyàwó, ọmọ, ìkòkò àti tapólì sínú ọkọ̀, kó sì dé ẹsẹ̀ òkè kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní 1913, Iléeṣẹ́ Igbó ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ èèyàn ló wá gbafẹ́ nínú igbó. Etí odò kan náà, lẹ́bàá ọ̀nà kan náà, ni gbogbo wọn ń tò sí. Ìgbẹ́ wọn ń ṣàn wọ inú omi tí àwọn ìlú ìsàlẹ̀ ń mu, ẹ̀rù ibà taifọ́ọ̀dù sì ń ba àwọn aláṣẹ. Ní 1916, Iléeṣẹ́ Igbó ṣí ibùdó Eagle Creek sí ìpínlẹ̀ Oregon, nítòsí òpópónà tuntun tó gba ẹ̀bá odò Columbia kọjá, wọ́n ṣe tábìlì àti ilé ìgbẹ́ síbẹ̀. Ibùdó tí wọ́n là sílẹ̀ fún aláàgọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àgọ́ inú igbó lásán sì wá di ọ̀nà kejì.

Owó kò sí fún irú iṣẹ́ yìí. Àwọn aṣòfin kò rí ìdí tí iléeṣẹ́ tó ń ta gẹdú yóò fi máa kọ́ ilé ìgbẹ́ fún onígbàfẹ́. Ní ìlú Pueblo ní Colorado, àwọn ará ìlú ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1919 tí wọ́n sì dáwó jọ láti fi tún ibùdó ṣe nínú igbó San Isabel. Ìgbà tó di 1922 ni àwọn aṣòfin tó ya dọ́là 10,000 sọ́tọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán ilẹ̀ kan, Arthur Carhart, ló ń ṣètò ti San Isabel náà. Ní ọdún 1919 yìí kan náà, wọ́n rán an lọ sí adágún Trappers, nínú igbó White River tí wọ́n ti lé àwọn Ute kúrò, pé kó wọn ilẹ̀ fún ilé ìgbafẹ́ àti ọ̀nà mọ́tò. Ó wọn ọ́n tán, ó wá dámọ̀ràn pé kí wọ́n má kọ́ ohunkóhun síbẹ̀. Wọ́n gbà fún un. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 1924, ìgbìyànjú Aldo Leopold, òṣìṣẹ́ Iléeṣẹ́ Igbó, so èso ní Gila: wọ́n ya ilẹ̀ tó lé ní 700,000 éékà sọ́tọ̀, pé kí ọ̀nà mọ́tò má wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sùn níbẹ̀ yóò fẹsẹ̀ rìn tàbí kó gun ẹṣin. Àṣà àtijọ́ wá ní àyè tirẹ̀ lórí ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní ti ibi tí èrò ti ń wọ́, ẹni tó rídìí ìṣòro náà jù lọ ni E. P. Meinecke, onímọ̀ àrùn igi tó ń ṣiṣẹ́ ní California. Wọ́n pè é wá wo ìdí tí àwọn igi ńlá tó wà níbi tí èrò ń pàgọ́ sí fi ń rọ. Ó rí i pé kòkòrò kọ́ ló ń pa wọ́n. Ẹsẹ̀ èèyàn àti táyà ọkọ̀ ló tẹ ilẹ̀ le gbagidi, tí omi àti afẹ́fẹ́ kò fi dé gbòǹgbò mọ́. Olówó ọkọ̀ á wakọ̀ gba orí ewéko kọjá lọ sídìí igi tó wù ú. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ á yà fún un, á sì tẹ ibòmíì. Nínú ìwé ìlànà tó kọ ní 1932, Meinecke ní kí wọ́n la ọ̀nà alápá kan, kí àgọ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀ tí òkúta tàbí ìtì igi dí lójú, kí ààrò àti tábìlì sì wà lójú kan. Ó tọ́ ká sọ pé kò tíì sí ẹni tó mú èrò tó dára ju èyí wá, nítorí ibùdó Amẹ́ríkà tí èèyàn bá wọ̀ lónìí, àwòrán Meinecke ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba Ààrẹ Franklin Roosevelt gbà síṣẹ́ nígbà ọ̀dá owó, láti 1933 sí 1942, ló kọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọ̀dọ́ ló gba inú iṣẹ́ náà kọjá, àgọ́ aláwọ̀ dúdú sì wà lọ́tọ̀ sí ti aláwọ̀ funfun.

Ogun Àgbáyé Kejì parí, gẹdú wọ́n, iṣẹ́ ilé kíkọ́ pọ̀. Àwọn agégẹdú la ọ̀nà wọ ibi tí ẹsẹ̀ kò dé rí, títí ọ̀nà inú igbó fi lé ní 370,000 máìlì. Nígbà tí wọ́n gé igi tán, ọ̀nà kò lọ. Aláàgọ́ onímọ́tò jogún rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgọ́ ọ̀fẹ́ òde òní fi wà lẹ́bàá ọ̀nà agégẹdú àtijọ́, ó sì ṣeni ní kàyéfì pé àáké àti ayùn ló ṣí ọ̀nà fún olùfẹ́ igbó.

Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn náà ń pọ̀ sí i. Àpò ẹ̀yìn onírin alumíníọ́mù tí iléeṣẹ́ Kelty bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1952, àgọ́ náílọ́ọ̀nù àti sítóòfù kékeré sọ àáké Kephart di ẹrù lásán. Òfin tí àwọn aṣòfin ṣe ní 1964 kó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án éékà ó lé díẹ̀ sábẹ́ ààbò tó le, bíi ti Gila. Ilé ẹ̀kọ́ tí Paul Petzoldt dá sílẹ̀ ní Wyoming ní 1965 bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni bí a ṣe ń sùn nínú igbó láìgé ẹ̀ka kan. Ní agbègbè àwọn adágún ìhà àríwá Minnesota, wọ́n ka agolo àti ìgò léèwọ̀ ní 1971. Ẹ̀kọ́ náà gbòòrò títí ó fi di ìlànà méje tí àjọ Leave No Trace, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994, ń polongo. Ohun tí Kephart fi ń yangàn ti wá di ìwà ìbàjẹ́.

Ìwádìí David Cole, onímọ̀ Iléeṣẹ́ Igbó ní Montana, tún fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ó fi hàn pé ibi tí èèyàn sùn fún òru díẹ̀ lọ́dún máa ń bàjẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ibi tí wọ́n ń sùn lemọ́lemọ́. Níbi tí èrò bá pọ̀, nígbà náà, ó sàn kí gbogbo wọn lo ojú àgọ́ àtijọ́ ju kí wọ́n fọ́n ká lọ. Meinecke ti rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ṣáájú.

Lórí ìmọ̀ báyìí ni àwọn òfin òde òní dúró lé. Ní ọ̀pọ̀ igbó, ọjọ́ 14 ni aláàgọ́ lè lò lójú kan. Wọ́n á ní kó jìnnà sí odò, ní ọ̀pọ̀ ibi, tó ẹsẹ̀ bàtà 200. A kò gbọ́dọ̀ fi igbó ṣe ilé gbé láìgbàṣẹ, òfin yìí sì ń dun àwọn tí owó ilé ti lé sígbó jù lọ. Àṣẹ Ààrẹ Nixon ní 1972 bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọkọ̀ tó ń yà kúrò lójú ọ̀nà lọ́wọ́ kò. Ìlànà tí Iléeṣẹ́ Igbó gbé jáde ní 2005 wá parí rẹ̀: igbó kọ̀ọ̀kan yóò tẹ máàpù tó fi ọ̀nà mọ́tò hàn, ọ̀nà tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí fún ọkọ̀. Ti iná tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2011, iná tí aláàgọ́ méjì fi sílẹ̀ láìpa ní Arizona jó ilẹ̀ tó lé ní 500,000 éékà, kò sì sí irú rẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ náà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú báyìí, wọ́n lè fòfin de iná dídá pátápátá.

Àjàkálẹ̀ kòrónà tún lé èrò wọ igbó ní 2020. Lágbègbè Crested Butte ní Colorado, ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí pọ̀ débi pé nígbà tó di 2021, Iléeṣẹ́ Igbó sàmì sí ojú àgọ́ kọ̀ọ̀kan láwọn àfonífojì tó yí ìlú náà ká, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sùn lẹ́yìn ibẹ̀ mọ́.

Owó nìkan ni òfin fi gbe aláàgọ́ lẹ́yìn. Òfin tí àwọn aṣòfin ṣe ní 2004 kò jẹ́ kí ìjọba gba owó ìlò níbi tí wọn kò bá náwó sí. Nígbà tí Iléeṣẹ́ Igbó ṣì ń gbowó lórí òkè Lemmon ní Arizona, àwọn ará ìlú gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dájọ́ ní 2012 pé kò tọ̀nà kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ ẹni tó kàn pàgọ́ síbi tí wọn kò kọ́ nǹkan kan sí.