Ẹni Tí Gbogbo Ẹnu Kọ́kọ́ Pè: Seward àti Lincoln, 1860

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbò ààrẹ kì í tíì kù sí dẹ̀dẹ̀ kí àwọn ènìyàn tó máa bi ara wọn pé: ta ni ẹgbẹ́ wa yóò fà kalẹ̀? Àwọn oníwèé ìròyìn a pe tiwọn, àwọn àgbà òṣèlú a pe tiwọn. Ó yẹ kí á bi ìtàn léèrè bóyá ẹni tí gbogbo ẹnu kọ́kọ́ pè ni oyè máa ń já mọ́ lọ́wọ́.

Ọdún 1854 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Republican sílẹ̀, láti dènà kí oko ẹrú má baà tàn dé àwọn ilẹ̀ tuntun ní ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ó fi di 1859, orúkọ William Seward ni ó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà nínú ẹgbẹ́ náà. Ó ti ṣe gómìnà New York rí, ó sì ti wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 1849. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún náà. Ti Abraham Lincoln kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì péré ni ó lò ní ilé aṣojú-ṣòfin, Stephen Douglas sì ti fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìdíje 1858. Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1859 to orúkọ ènìyàn 21 tí ó lè du ipò ààrẹ. Lincoln kò sí nínú wọn.

Àwọn àgbà ní, ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ní 1850 Seward sọ pé òfin kan wà tí ó ga ju ìwé òfin ilẹ̀ wọn lọ. Ní 1858 ó ní ìjà tí ó wà láàárín oko ẹrú àti òmìnira kò ṣe é yẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù ní Pennsylvania, Indiana àti Illinois, níbi tí ẹgbẹ́ náà ti fìdí rẹmi ní 1856. Lincoln náà sọ ohun tí ó jọ ọ́ ní 1858, ṣùgbọ́n etí tí ó gbọ́ tirẹ̀ kò tó ti Seward. Ó sì kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n má ṣẹ olùdíje kankan, kí ẹni tí àyànfẹ́ rẹ̀ bá já kulẹ̀ lè yà sọ́dọ̀ òun.

Ìlú Chicago, ní ìpínlẹ̀ Lincoln gan-an, ni wọ́n ti pàdé ní May 1860. Ìbò 233 ni ẹni tí yóò borí gbọ́dọ̀ ní. Ààbọ̀ ìbò ni aṣojú mìíràn sì ní. Nígbà àkọ́kọ́, Seward ní 173 àti ààbọ̀, Lincoln ní 102. Nígbà kejì, ó di 184 àti ààbọ̀ sí 181. Nígbà kẹta, Lincoln dé 231 àti ààbọ̀. Aṣojú mẹ́rin láti Ohio bá yí ìbò wọn sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀ràn sì parí. Ní Auburn, ìlú Seward, wọ́n ti gbé àgbá kalẹ̀ tí wọn yóò fi yọ̀.

Lincoln wọlé ní November. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù yapa, ogun bẹ́ sílẹ̀, òfin sì fòpin sí oko ẹrú ní 1865. Seward kò sá fún iṣẹ́: òun ni ó ṣe akọ̀wé fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè lábẹ́ ẹni tí ó borí rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ní 1859 kò purọ́: Seward ni ọ̀pọ̀ fẹ́. Ohun tí wọn kò kà ni iye àwọn tí kò lè gbà á láéláé. Bí a bá tún gbọ́ orúkọ tí gbogbo ẹnu ń pè kí ọjọ́ tó pé, ẹ jẹ́ kí á bèèrè ohun kejì yìí pẹ̀lú.